Mímòòkùn Nínú Òkun Zanzibar: Ìbéèrè Tí Àwọn Yorùbá Àbújá Máa Ń Bi Mí

Láti ìgbà tí àwọn ará àdúgbò mi ní Gwarinpa ti mọ̀ pé mo máa ń mòòkùn, kò síbi tí mo yà tí wọn kì í ti dá mi dúró: lẹ́yìn ìsìn, níbi ìkómọjáde, lórí fóònù lálẹ́. Ìbéèrè kan náà ló sábà ń jẹ́. Mo wá kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti lo ìsinmi rẹ̀ ní erékùṣù, pàápàá Zanzibar ní Tanzania, níbi tí ọ̀pọ̀ wa láti Àbújá ń lọ báyìí. Ó gùn díẹ̀, torí ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ayọ̀ ńlá sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni skúbà gan-an? Ṣé kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́ náà ni?

Rárá o. Ojú omi ni ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ wà. Ẹni tó ń fi skúbà mòòkùn gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn, ó fi eyín di régúlétọ̀ mú sẹ́nu, ó ń mí, ó sì lè wà nísàlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 60. Àwọn ará Faransé méjì, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ló ṣe irú régúlétọ̀ yìí jáde ní 1943, tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó bá fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ́síjìn bíi ti ilé ìwòsàn ló wà nínú sílíńdà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní Wuse náà ni, wọ́n kàn sẹ́ ẹ kó mọ́, wọ́n wá kì í mọ́ inú irin. Ìdá 21 nínú 100 rẹ̀ ni ọ́síjìn, èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ náítírójìn tán. Ẹ fi náítírójìn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò sọ ọjọ́ tí ẹ lè wọ bàálù padà sílé.

Màmá mi ní nǹkan òyìnbó ni, pé omi kì í ṣe eré. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ bá mi kí màmá. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé omi kì í ṣe eré, mi ò sì ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Pé ó jẹ́ nǹkan òyìnbó nìkan ni mi ò gbà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ọmọ Ìlàjẹ rí, tí a bí sórí omi, tó mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ojú ọ̀nà. Ní òkè ọya níhìn-ín, ẹ wo àwọn apẹja tó ń bẹ́ sódò ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, pẹ̀lú àwọ̀n àti akèrègbè: ọdún 1934 ni ayẹyẹ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún sọ ìtàn Harrison Okene fún wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2013, ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Jascon-4 rì sínú òkun wa ní gúúsù. Okene tó jẹ́ alásè inú ọkọ̀ náà wà láàyè nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀, ní nǹkan bí mítà 30 nísàlẹ̀, fún nǹkan bí wákàtí 60, kí àwọn òmòòkùn tó rí i. Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí, òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn. Ọmọ Nàìjíríà ni.

Bó bá jẹ́ Olókun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òkun ni olùkọ́ gidi ń fẹ́. Ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun ló máa ń kó ìdààmú bá gbogbo ọkọ̀.

Mi ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Ṣé mo lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ìtọ́wò, tí PADI, àjọ àgbáyé tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, ń pè ní Discover Scuba Diving. Olùkọ́ yóò mú yín lọ sínú omi tí kò jìn, yóò kọ́ yín ní ìwọ̀nba nǹkan, lẹ́yìn náà yóò bá yín sọ̀kalẹ̀, kò ní kọjá mítà 12. Kò sí ìdánwò ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò sì sí káàdì. Èkejì ni ẹ̀kọ́ Open Water Diver, tó ń fún èèyàn ní káàdì láti lọ dé mítà 18 pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, níbikíbi láyé. Fún ìyẹn, ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 láìdúró, ní irú ọ̀nà tó bá wù yín, láìsí aago lórí yín, ẹ ó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kódà bó bá jẹ́ ìtọ́wò lásán lẹ ń lọ ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ nínú omi á máa mí gúlegúle, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á tètè tán, kò sì ní rí ẹja kankan torí àyà rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Púùlù kò wọ́n wa ní Àbújá. Ó wà ní òtẹ́ẹ̀lì ní Maitama, Wuse àti Garki, ó sì wà ní pápá ìṣeré Moshood Abiola. Bí púùlù bá gùn tó mítà 25, ìrìn 8 ló di mítà 200. Ẹni tó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò dé ibẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Èmi ti rí ìyá àgbà tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, tó sì ṣe é yanjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi Jabi Lake tàbí omi Usuma kọ́ nǹkan kan. Omi náà ṣú, èèyàn kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ yín. Tó bá ṣe pé ẹ fẹ́ mọ bí máàsìkì, gíláàsì tí òmòòkùn fi ń bo ojú àti imú, ṣe ń rí lójú nínú omi tó mọ́ gaara, tí ọ̀nà sì dára lásìkò náà, ìsun Wikki wà nínú Yankari ní Bauchi. Nǹkan bí ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi rẹ̀ ń gbóná tọ̀sántòru, iyanrìn funfun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ kàn ṣọ́ àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀, wọn á gbé oúnjẹ yín lọ.

Kí ni wọ́n ń kọ́ni gan-an? Kí ló le jù níbẹ̀?

Ẹ̀kọ́ nínú omi tí kò jìn ló ṣáájú, ìpele 5, lẹ́yìn náà ìmòòkùn 4 nínú òkun. Wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ṣe ń to irin-iṣẹ́, bí ẹ ṣe ń léfòó láàárín omi láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, bí ẹ ṣe ń rí régúlétọ̀ mú padà bó bá yọ lẹ́nu, àti bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Àtàǹpàkò tí ẹ nà sókè túmọ̀ sí pé ẹ fẹ́ gòkè kúrò nínú omi. Bí gbogbo nǹkan bá dáa, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ṣe òrùka. Ọ̀pọ̀ wa ló ń nà àtàǹpàkò láti fi sọ pé inú wa ń dùn, olùkọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ sókè.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù ni kí wọ́n jẹ́ kí omi kún inú máàsìkì, kí wọ́n sì fi èémí imú lé e jáde. Ẹnu lẹ ó máa fi mí. Imú á fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti bí yín, omi á sì wọ̀ ọ́. Ẹ máa ṣe é nínú púùlù ní Àbújá: ẹ fi ojú àti imú sínú omi láìfi máàsìkì bojú, ẹ fi ọ̀pá ìmí sẹ́nu, kí ẹ sì máa mí. Ẹ ṣe é títí yóò fi sú yín. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí ẹ̀rù kankan ní Zanzibar.

Òfin kan wà tó ga ju gbogbo òfin lọ: ẹ má ṣe sé èémí nínú omi. Lójú òkun, afẹ́fẹ́ ayé ló ń tẹ̀ wá. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ mítà 10, omi ti sọ ìtẹ̀ náà di ìlọ́po 2. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po 3. Afẹ́fẹ́ tí ẹ mí sínú ní mítà 10 yóò fẹ̀ di ìlọ́po 2 kí ẹ tó dé òkè. Bí ẹ bá ti ẹnu pa, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò ya. Bí ẹ bá ń mí wọlé mí jáde bó ti yẹ, kò sí nǹkan kan.

Etí ńkọ́? Ẹnì kan ní etí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Ìtẹ̀ omi kan náà ni. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn awọ etí ń kéré sí i bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀, omi sì ń ti awọ náà wọlé. Ẹ ó fi ìka di imú, ẹ ó sì fẹ́ èémí díẹ̀ díẹ̀ sí i títí etí yóò fi dún pó. Láti ojú omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó dùn yín. Bó bá ti dùn yín, ẹ gòkè díẹ̀, ẹ tún gbìyànjú. Ẹ má fi agbára fẹ́ ẹ. Mítà mélòó kan tó ṣáájú ló ń ṣe etí jù, kì í ṣe ibi tó jìn.

Níbi tí àwa ará òkè ọya ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ọyẹ́. Oṣù Kejìlá ni púpọ̀ nínú wa máa ń gba ìsinmi, ìgbà náà gan-an ni eruku Sàhárà bo Àbújá, Kaduna àti Kano, tí gbogbo ilé ń wúkọ́, tí imú kún fún ọ̀fìnkìn. Ẹni tó ní ọ̀fìnkìn kò lè mòòkùn, torí ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé etí ti dí. Ẹ má sì lo oògùn tó ń ṣí imú kí ẹ lè fi wọmi. Bó bá pin nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wọ etí kò ní rí ọ̀nà jáde bí ẹ bá ń gòkè, ìrora rẹ̀ burú jọjọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò, ẹ máa bo imú níta, ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ fi omi oníyọ̀ fọ imú bí dókítà bá gbà yín láyè. Ẹ má sì fi ìmòòkùn sí ọjọ́ kejì tí ẹ bá dé. Ẹ fún imú yín láyè kó fa afẹ́fẹ́ òkun símú.

AS ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ SS. Ṣé a lè mòòkùn?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè èyí, torí àwọn ìwé tí òyìnbó kọ máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wa gan-an ni. Òtútù, ìpòǹgbẹ, iṣẹ́ agbára àti àìtó ọ́síjìn wà lára ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹlẹ́jẹ̀ SS, gbogbo wọn ló sì lè pàdé nínú òkun. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í sábà fọwọ́ sí i fún wọn. Kí ẹ̀gbọ́n yín wọ ọkọ̀ tó ní gíláàsì nísàlẹ̀, kí wọ́n bá yín lọ wo ẹja láti ibẹ̀. Ní ti AS, ọ̀pọ̀ ló ń mòòkùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, ẹ mu omi tó, ẹ má ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Ilé ẹ̀kọ́ yóò fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní fọ́ọ̀mù ìlera. Wọ́n á béèrè nípa ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn, wárápá, iṣẹ́ abẹ, àti ìbéèrè mìíràn fún ẹni tó lé ní ọdún 45. Bí ẹ bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ gba fọ́ọ̀mù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú un lọ bá dókítà yín ní Àbújá níbí. Ẹ má purọ́ níbẹ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mòòkùn rárá, bó ti wù kí oyún náà kéré tó.

Ìgbà wo ni mo lè wọ bàálù padà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn béèrè kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn kì í sì béèrè rẹ̀ títí wọ́n á fi dé etíkun.

Bí ẹ ti wà nísàlẹ̀ omi, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ń wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara yín ju bó ti yẹ lọ. Ó nílò àkókò láti jáde. Bí ẹ bá tètè gòkè jù, tàbí tí ẹ wọ bàálù níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, yóò hó nínú ara bí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, ara á kú, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ kò ní gbéra mọ́. Ìdí nìyí tí wọn kò fi gbé Okene sókè lójú ẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Inú yàrá onírin tí wọ́n ti ń dín ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kù díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ìdí nìyí náà tí olùkọ́ fi máa ń dá yín dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó yọrí.

Ìlànà tí àwọn òmòòkùn ń tẹ̀ lé ni wákàtí 12, ó kéré tán, lẹ́yìn ìmòòkùn ẹyọ kan, àti wákàtí 18 bí ẹ bá ti mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà tàbí fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá jáde nínú omi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, agogo méjìlá, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbéra ṣáájú agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Èmi máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀. Àwa tí à ń gba Addis Ababa lọ gbọ́dọ̀ rántí pé ìlú yẹn ga ju mítà 2,300 lọ sókè ìtẹ́jú òkun. Ara kò sinmi kódà nígbà tí bàálù bá balẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn dára fún Stone Town: ọjà, ilé àtijọ́, ẹja yíyan ní Forodhani lálẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ni ìsinmi mi. Ṣé ó tó?

Ó tó bí ẹ bá ka apá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Àbújá, kí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nínú omi lè jẹ́ ti omi nìkan. Bí ọjọ́ tí ẹ ní kò bá pé márùn-ún, ẹ ṣe ìtọ́wò, kí ẹ sì padà lọ lọ́dún mìíràn fún káàdì. Mi ò fẹ́ràn bí àwọn kan ṣe ń há gbogbo rẹ̀ mọ́ra torí pé ilé iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, bí olùkọ́ bá sì ní ọkọ̀ kò ní jáde lónìí, ẹ fara mọ́ ọn.

Láti oṣù Kẹta sí Karùn-ún ni òjò ńlá ń rọ̀ ní Zanzibar, nítorí náà ìsinmi Àjíǹde lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìsinmi Kérésì dára. Omi máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 29, kò tutù.

Kí ni mo nílò láti wọ Zanzibar?

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì, pọn dandan fún ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, àlejò láti òkè òkun gbọ́dọ̀ ra ìbánigbófò Zanzibar fúnra rẹ̀, dọ́là 44. Ẹ tún ra ti ìmòòkùn lọ́tọ̀, nítorí ìtọ́jú nínú yàrá onírin tí mo sọ yẹn wọ́n gan-an. Ẹ wo ọ̀rọ̀ físà lórí ìkànnì ìjọba Tanzania fúnra yín, ẹ má gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni.

Mo ń lo hìjáàbù, mo sì máa ń di irun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Àǹtí, ó rọrùn ju bí ẹ ti rò lọ. Aṣọ rọ́bà tí a ń wọ̀ bo ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, fìlà rẹ̀ tó bo orí àti etí sì wà; ẹ lè wọ aṣọ gbọ̀rọ̀ sórí rẹ̀ kí ẹ tó dé etí omi. Ẹ lè béèrè olùkọ́ obìnrin. Musulumi ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Zanzibar, ẹni tó bá ti gbé Kano tàbí Zaria á mọ bí a ti ń wọṣọ láàárín ìlú. Bó bá jẹ́ oṣù Ààwẹ̀, ẹ má fi ààwẹ̀ mòòkùn. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà gbẹ, ó ń gbẹ omi ara, ara tó gbẹ sì ni náítírójìn máa ń ṣe níbi.

Ní ti irun, dídì pẹ́lẹ́bẹ́ tí kò wú lẹ́yìn ló dára jù, kí okùn máàsìkì lè jókòó. Etí máàsìkì gbọ́dọ̀ kan awọ ojú yíká. Irun kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ rẹ̀, omi á wọlé. Kí àwọn ọkùnrin tó ní irunmú gbọ́ èyí náà.

Ọmọ mi ńkọ́?

Ọmọ ọdún 8 lè tọ́ ọ wò nínú púùlù, kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 2. Láti ọdún 10 ó lè gba káàdì ọmọdé, ṣùgbọ́n mítà 12 ni òpin rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 12. Bí ọmọ bá ní òun kò fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹja ekurá (shark) ńkọ́?

Ẹ lè má rí ọ̀kan. Ìjàpá òkun, ẹja aláwọ̀ mèremère àti iyùn inú òkun ni ẹ ó rí ní Mnemba, erékùṣù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zanzibar. Ohun tó ń pa èèyàn lára jù ni ohun tí èèyàn fọwọ́ kàn: ẹja ẹlẹ́gùn-ún, àti nǹkan roboto ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní sea urchin, tó wà lórí iyanrìn. Ẹ káwọ́ mọ́ra.

Báwo ni mo ṣe mọ ilé ẹ̀kọ́ tó dára? Èló ni?

Ẹ̀kọ́ káàdì sábà máa ń wà láàárín dọ́là 400 sí 600. Ẹ béèrè bóyá ìwé, káàdì àti owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iye náà ti máa ń yípadà. Ẹ lọ sí ìkànnì PADI tàbí ti SSI, àjọ mìíràn tó jọ ọ́, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan: 8 ni òpin fún ẹ̀kọ́ nínú òkun, kò sì burú bó bá jẹ́ 4. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ́síjìn ìtọ́jú tó wà nínú ọkọ̀ hàn yín. Ẹ ṣí sílíńdà, kí ẹ gbóòórùn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bó bá ń rùn bí epo, ẹ padà sílé. Ẹni tí kò béèrè fọ́ọ̀mù ìlera lọ́wọ́ yín kò bìkítà bóyá ẹ yè tàbí ẹ kú, ẹ fi owó yín sápò.

Bí afẹ́fẹ́ bá tán nísàlẹ̀ ńkọ́?

Géèjì wà lára irin-iṣẹ́ tó ń sọ iye tó kù. Nǹkan bí 200 bar (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́) ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti ku 50 ó yẹ kí ẹ ti wà lójú omi. Bí ẹ bá jìn sí i, afẹ́fẹ́ á tètè tán: ní mítà 10, ẹ ń lo ìlọ́po 2 ohun tí ẹ ń lò lójú omi. Bó bá wá tán ní tòótọ́, ẹ fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń gé ọ̀fun láti fi han ẹnìkejì yín, yóò na régúlétọ̀ kejì tó gbé dání sí yín, ẹ ó sì jọ gòkè pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi í dá mòòkùn.

Ṣé káàdì náà máa ń kú?

Kì í kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá wọmi fún nǹkan bí ọdún kan, ẹ béèrè ẹ̀kọ́ ìránnilétí kí ẹ tó tún wọ òkun. Kò gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ nínú púùlù, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní gbé yín wọ ọkọ̀ láìṣe é.